Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Búra Lé

Kí Abdullateef tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yẹn rárá, ẹ̀rù ti ń ba Adùnọlá. Kì í sì í ṣe ẹ̀rù òní. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù Pijó 404 tó dúró sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìwó, lábẹ́ igi máńgòrò, tí táyà rẹ̀ ti rì wọlẹ̀, tí adìyẹ ń yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń ṣeré lágbàlá, wọ́n lè gun igi, wọ́n lè fọ́ ìkòkò, bàbá wọn ò ní ṣe ju kó bú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn, ó gbé. Pàṣán ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. "Irin tí mo fi búra ni," ni Bàbá Ògúnkúnlé máa ń wí. "Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ ìbúra náà, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ògúnkúnlé àti Ọ̀jẹ̀túndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Olúpọ̀nnà, ṣì jẹ́ géńdé, àwọn méjèèjì ló dáwó jọ ra mọ́tò yẹn, tí wọ́n ń fi kó èrò láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí mọ́tò àjùmọ̀rà máa ń dá sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Kó má baà di ìjà lọ́jọ́ iwájú, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, oníkálukú fi ahọ́n kan irin, wọ́n ní ẹni tó bá tú ohunkóhun tà lára rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́, kí Ògún dá a lẹ́jọ́. Ọdún ń gorí ọdún, Ọ̀jẹ̀túndé padà sídìí kòkó ní Olúpọ̀nnà, mọ́tò dákẹ́ sọ́wọ́ Ògúnkúnlé. Ìbúra ní tirẹ̀ kò dákẹ́.

Ní báyìí, Bàbá Ògúnkúnlé ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, rọpárọsẹ̀ sì ti mú un láti ọdún tó kọjá. Apá ọ̀tún ò gbéra mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì lọ pátápátá. Bó bá fẹ́ omi, á na ọwọ́ òsì. Bí nǹkan bá ń bí i nínú, á fi ọwọ́ òsì náà lu pákó bẹ́ẹ̀dì. Adùnọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ta ike ní ọjà Odò-Ọ̀rí, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Halimah, ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun náà ló rò ó pé kí àwọn ta ohun tó bá ṣeé tà lára mọ́tò náà, kí àwọn fi gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń na ẹsẹ̀ alárùn rọpárọsẹ̀ ní Òṣogbo.

Abdullateef, tí ń ta ẹ̀yà mọ́tò àlòkù lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ti sọ fún un pé ọkùnrin olówó kan wà tó ń tún Pijó 404 àtijọ́ ṣe, tó ń wá ojúlówó ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá oògùn. Ṣùgbọ́n Adùnọlá kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní òun ò jẹ́ ta irin àwọn méjì lẹ́yìn ẹnì kan. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ní Olúpọ̀nnà pé kí wọ́n wá, kí wọ́n fojú rí i, kí wọ́n jọ ná an. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ní kò burú, òun ń bọ̀.

Adùnọlá wọlé lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ Ọ̀jẹ̀túndé báyìí, ojú bàgànbàgàn ni Bàbá là sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu pákó bẹ́ẹ̀dì, gbì, gbì, gbì, itọ́ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Inú yín dùn, àbí?" ni Adùnọlá wí, ó ń fi ìdí ìborùn nu itọ́ náà. "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ọ̀rẹ́ yín ń bọ̀ wá wò yín."

Bàbá tún lù ú kíkankíkan. Adùnọlá rẹ́rìn-ín, ó lọ po ẹ̀kọ fún un. Ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀, ohun tó bá wu ẹni ń gbọ́ náà ni wọn yóò ní ó wí.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé. Ó gùn, ó gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà. Adùnọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn o."

"Adùnọlá ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ọ̀rẹ́ mi dà?"

Ó mú un wọlé. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ òsì ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó pe oríkì rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ògúnkúnlé fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó kọjú sí ògiri, kò sì wẹ̀yìn títí wọ́n fi jáde.

Ojú ti Adùnọlá. "Àìsàn ni, Bàbá. Ẹ má bínú sí wọn."

"Ta ni yóò bínú sí i?" Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Jẹ́ ká lọ wo irin."

Abdullateef ti wà lẹ́yìn ilé, ó ti lé adìyẹ kúrò nínú mọ́tò, ó ti tẹ́ àpò sípánà rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó lẹ́nu dáadáa ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ké rara bó ṣe ṣí i, Adùnọlá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sẹ́yìn bí ọmọdé ìjelòó tó ń retí pàṣán. Lateef wọ abẹ́ mọ́tò lọ, ó nu gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú àkísà tó ti rẹ sínú bẹntiróòlù, ó tan iná fóònù sí i, ó sì jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín tó ń gbìyànjú láti pa mọ́.

"Àǹtí, gíábọ́ọ̀sì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Mo lè san ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún."

"Lateef, ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ yẹn nìkan, ó ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lọ. Mú ọ̀ọ́dúnrún wá."

"Háà, Àǹtí, ṣé kí n ta ìyá mi kún un ni?"

"Ta ló ní kí o ta ìyá rẹ? Fi owó lé e."

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ná an lọ, wọ́n ná an bọ̀, wọ́n sì pàdé ní igba ẹgbẹ̀rún. Ọkàn Adùnọlá wá fúyẹ́ díẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ṣé ohun tí òun ń bẹ̀rù láti kékeré náà nìyí, irin lásán.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Lateef tẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà wà. Ó nù ún, ó tún un nù. Ó fi ìka tọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti jókòó lé. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló tú ẹ́ńjìnnì yìí rí?"

"Kò sẹ́ni tó tú u. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí nínú ilé yìí."

"Ẹnì kan tú u." Ó nàró. "Ẹ́ńjìnnì yìí kọ́ ló bá mọ́tò yìí wá. Òkú ẹ́ńjìnnì 504 ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin kó tó lè jókòó. Jíjó yìí náà ti pẹ́, ó ti dípẹtà. Ti 404 ti lọ tipẹ́."

Adùnọlá gbọ́ tí máńgòrò kan jábọ́ lẹ́yìn ògiri aládùúgbò.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé dìde lórí àpótí. Ó wá sídìí mọ́tò, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga. "Irin wa dà?" ló bi Adùnọlá. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Ohun tí Adùnọlá kò rò rí láti ọdún tó kọjá, tí dókítà ò sọ, tí aládùúgbò ò sọ, òun gan-an ni ó dé sí i lọ́kàn wàràwàrà: ẹnu tí bàbá òun fi kan irin ni ẹnu tó ṣẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń tú mọ́tò ni ọwọ́ tó kú. Ó wo ojú Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, ó rí i pé ohun kan náà ni òun náà ń rò.

"Àwa méjì péré la ni mọ́tò yìí," ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ó jẹ́ èmi, tàbí kó jẹ́ òun."

Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú mọ́tò, ó na ahọ́n, ó fi kan irin mọ́tò wọn tó yí ẹ́ńjìnnì àjèjì náà ká. "Bó bá jẹ́ èmi Ọ̀jẹ̀túndé ni mo ta irin wa, tàbí mo mọ̀ sí i, kí n má fi orí ọ̀kadà dé Olúpọ̀nnà lónìí." Ó nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ó ku ọ̀rẹ́ mi."

Lateef ti ń kó sípánà sínú àpò. Ọ̀kan bọ́ lulẹ̀, bó ṣe mú un, òmíràn tún bọ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Tí ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ ẹbí..."

"Dúró," ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ìwọ lo rí i, ìwọ ni ẹlẹ́rìí."

Lateef dúró. Ta ni yóò fi irú àgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sá lọ?

"Bàbá," ni Adùnọlá wí, ó ti wà lórí eékún rẹ̀, "ẹ ṣáà rí i pé wọn ò lè sọ̀rọ̀."

"Mo rí i. Ọmọ ni ẹnu bàbá. Ìwọ gba ẹnu rẹ̀ búra."

"Mùsùlùmí ni mí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi Àlùkùránì búra."

"Ṣé Àlùkùránì la fi búra nígbà náà? Irin ni." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. "Gbọ́, ọmọ mi. Bí o ò bá fẹ́, mi ò ní bá ọ jà. Màá kàn gun ọ̀kadà mi lọ. Ṣùgbọ́n n ó sọ fún àwọn àgbà tó ń bọ Ògún, n ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé rè é. Bó bá wá jẹ́ pé Ògún ló mú Ògúnkúnlé, lọ́jọ́ tó bá kú, kò sí ọkùnrin kan tí yóò bá ọ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ò ní í wá. Èmi tí mo yẹ kí n dúró lórí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Kí ni ká wá sọ nípa ti ọmọ olè? Adùnọlá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bàbá òun ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti rántí ojú tó là bàgànbàgàn, ó ti rántí ojú tó kọ sí ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bẹ̀rù wá bá a lórí ibùsùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń po ẹ̀kọ.

Bó bá búra, irọ́ ló máa pa. Ó sì ń kírun ìgbà márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọmọ Ògúnkúnlé ni. Irin ò ní bi í bóyá ẹlòmíràn ló rán an níṣẹ́. Níbo ló sì fẹ́ sá sí tí irin kò sí? Ọ̀bẹ ni yóò fi gé àlùbọ́sà lálẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni yóò gbé e lọ sọ́jà lọ́la. Halimah rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ogbó, ọ̀kadà ló ń gùn lọ, ọ̀kadà ló ń gùn bọ̀. Bí kò bá sì búra ńkọ́? Bàbá rẹ̀ yóò kú bí ajá, wọn yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ òkú rẹ̀ kọjá.

"Aúsùbílà," ló wí, ó tún un wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Màá búra."

Láti ojú fèrèsé, wọ́n gbọ́ ọwọ́ tó ń lu pákó. Gbì. Gbì. Gbì.

"Bàbá, ẹ sinmi," ni Adùnọlá ké sí i, ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀ mọ́. "Mo ń bọ̀. Ẹ sinmi."

Lílù náà yára sí i, ó wá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan kan wó lulẹ̀ nínú yàrá. Ó fẹ́ dìde, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé sì fi ọwọ́ dá a dúró. "Búra ná."

Ó tú gèlè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin. Òórùn ọ́ìlì àtijọ́ wọ imú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mọ́tò mú. "Bó bá jẹ́ bàbá mi, Ògúnkúnlé," ló bẹ̀rẹ̀, "ni ó ta..."

"È..."

Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, lórí ilẹ̀. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ òsì wọ́ ara rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, aṣọ ìbora rẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn, eékún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Ó ń fi gbogbo ọrùn wá ọ̀rọ̀. Iṣan dìde ní iwájú orí rẹ̀.

"È... Èmi."

Láti ọdún tó kọjá, ohùn yẹn kò jáde rí. Lateef fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi... ni." Ó na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀, ó ń mì í pé rárá, rárá, kó gbé ẹnu kúrò níbẹ̀. "Èmi."

Adùnọlá fi mọ́tò sílẹ̀. Ó jókòó sínú erùpẹ̀ níbi tó wà.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé rìn lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dúró lé e lórí. "Ìwọ, Ògúnkúnlé? Kí lo tà á ṣe?"

Ògúnkúnlé gbé ọwọ́ sókè, ó nà án. Adùnọlá rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń nà sí, ó sún kúrò lójú ọ̀nà. Ọwọ́ náà sì tẹ̀lé e. Òun ni Bàbá ń nà án sí.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wo ọwọ́ náà, ó wo Adùnọlá. "Ọdún tí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn? Tí wọ́n la ikùn rẹ̀?"

Ògúnkúnlé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ojú ń lọ sínú etí rẹ̀.

Adùnọlá fi ọwọ́ kan ikùn láìmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé aṣọ òfì òun lòun tà, tí wọ́n fi san owó dókítà tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ìyá náà sì ti gbé irọ́ yẹn wọ ilẹ̀ lọ.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eékún rẹ̀ ń ró, títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O ò wá sọ fún mi," ló wí. "Olúpọ̀nnà ni mo wà, Ògúnkúnlé. Ṣé Olúpọ̀nnà jìnnà ni? Ṣé o rò pé màá ní kí ọmọ kú kí irin máa wà ni?"

"Ẹ̀..." ni Ògúnkúnlé wí. Ó ń jà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀rù."

"Ẹ̀rù mi?"

"Ẹ̀rù."

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé fi aṣọ rẹ̀ bo ìhòòhò ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń sunkún gẹ́gẹ́ bí àgbà ṣe ń sunkún, láìpariwo. Ó ní kí Lateef bu omi tútù wá. Nígbà tí omi náà dé, ó ti ọwọ́ òsì Ògúnkúnlé bọ inú igbá, ó ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní kí Lateef gbé omi náà lọ dà sórí irin. "Àwa méjèèjì la dì í," ló wí. "Àwa méjèèjì la tú u."

Lateef da omi náà tán, ó tọ́jú igbá. Ó sì kọjú sí Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. "Bàbá, gíábọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?"

"Iye tí o ná an náà ni. Tú u."

Adùnọlá kò tilẹ̀ dìde. Ó fi ọwọ́ àti eékún wọ́ gba orí erùpẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ahọ́n rẹ̀ kò kan irin, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ tí ì bá fi kàn án. Bàbá rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, ó ń wí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù, ẹ̀rù, ó ń wí i lọ ṣáá, Adùnọlá sì ń nu itọ́ rẹ̀, ó ń dá a lóhùn pé, "Mo gbọ́, Bàbá. Èmi náà."